Òṣùwọ̀n Ẹnubodè: Ìtàn Bí Sáfà Ṣe Ń Gba Ẹrù Àlejò

Ní alẹ́ ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 1988, báìtì 536 wọ inú igbá kan tí kò gbà ju 512 lọ. Igbá náà wà nínú ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní fingerd. Iṣẹ́ fingerd kò ju kí ó gba orúkọ ẹnì kan lọ́wọ́ ẹni tó ń béèrè, kí ó sì sọ bóyá onítọ̀hún wà lórí ẹ̀rọ tàbí kò sí. Ẹni tó kọ ètò náà fa iṣẹ́ gbígbà yìí lé gets lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ èdè C. Gets kì í béèrè bí igbá ṣe tóbi tó; ó kàn ń bu ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ títí yóò fi rí àmì ìparí ìlà. Robert Tappan Morris, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cornell, mọ èyí. Èyí tí igbá kò gbà kún àkúnwọ́sílẹ̀, ó dà sórí ibi tí kọ̀ǹpútà kọ ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀ sí, kòkòrò tí Morris kọ sì di onílé nínú ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ. Wẹ́ẹ̀bù kò tíì sí nígbà náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ níbí, ìyẹn bí sáfà, ẹ̀rọ tó ń dá àlejò lóhùn, ṣe ń da ohun tí àlejò gbé wá sínú àyè tirẹ̀, yálà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà tàbí nínú fáìlì lórí dísìkì, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ jẹ ìyà tó tún padà wá jẹ léraléra lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí mo pè ní igbá yìí ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní buffer: àyè kékeré nínú ìrántí ẹ̀rọ, tí a fi ń gba ohun tó ń wọlé kí a tó mọ ohun tí a ó fi ṣe. Àwọn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí máa ń sọ ìtàn rẹ̀ bí ìtàn ilé ìkẹ́rùsí: ìgbà wo ni ká tọ́jú ẹrù sínú ìrántí, ìgbà wo ni ká gbé e sórí dísìkì, èwo ló yá jù nínú méjèèjì. Ìbéèrè gidi ni, mi ò bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ibi ìkẹ́rùsí kọ́ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀, òṣùwọ̀n ni. Ta ló ń wọn ẹrù: ẹni tó rù ú wá ni, àbí ẹni tó ń gbà á? Bí a bá to ìjàǹbá àwọn ọdún wọ̀nyí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ohun kan náà ni a ó máa bá nídìí wọn: sáfà gba ẹnu ẹlẹ́rù gbọ́. Bí a bá sì to àtúnṣe tó tọ́jọ́ jọ, a ó rí i pé sáfà ti gba òṣùwọ̀n padà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Nínú àwọn ìlú Yorùbá àtijọ́, oníbodè ló ń gba owó lẹ́nu odi ìlú lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń wọlé. Oníbodè tó bá ń gba owó lórí ohun tí aláàárù fẹnu ara rẹ̀ sọ kò ní pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó kọ sáfà àkọ́kọ́ fi irú oníbodè bẹ́ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ wẹ́ẹ̀bù, àlejò kì í ru ẹrù wá rárá. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ HTTP tí Tim Berners-Lee gbé kalẹ̀ ní CERN, nítòsí Geneva, ní 1991, ìlà kan ṣoṣo ni ìbéèrè inú rẹ̀: ọ̀rọ̀ náà GET, lẹ́yìn náà orúkọ ìwé tí a fẹ́ kà. Sáfà yóò ka ìlà yẹn, yóò gbé ìwé fún àlejò, yóò sì ti ilẹ̀kùn. Ìgbà tí àwọn ènìyàn fẹ́ máa kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù ni POST wọlé, àlejò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé nǹkan bọ̀. Kíá ni ìṣòro kan yọjú: báwo ni sáfà yóò ṣe mọ̀ pé ẹrù ti tán? Nígbà tí sáfà bá fi ìwé ránṣẹ́ tán, ńṣe ló máa ń já okùn, àlejò á sì mọ̀ pé ó parí. Bí àlejò náà bá wá já okùn láti fi hàn pé òun ti kó ẹrù òun tán, ọ̀nà wo ni èsì yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ìdí nìyí tí wọ́n fi pàṣẹ pé kí ẹlẹ́rù kọ iye báìtì ẹrù rẹ̀ síwájú, nínú ìlà tí wọ́n pè ní Content-Length. RFC 1945, ìwé tó ṣàkọsílẹ̀ HTTP/1.0 ní oṣù karùn-ún 1996, sọ pé dandan ni ìlà yìí fún gbogbo POST, àti pé sáfà tí kò bá lè mọ ìwọ̀n ẹrù yẹ kó dá àlejò padà pẹ̀lú èsì 400. Kì í ṣe òmùgọ̀ ló bí ìkéde yìí, àìní ló bí i. Àṣìṣe wá lẹ́yìn ìgbà náà, nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkéde ṣe ẹ̀rí.

CGI ni ibi tí ìkéde ti di ẹ̀rí. Ní 1993, ní ibùdó NCSA ní Yunifásítì Illinois, Rob McCool kọ sáfà tí wọ́n pè ní HTTPd, òun àti àwọn mìíràn tó ń kọ sáfà nígbà náà sì fohùn ṣọ̀kan lórí ọ̀nà tí sáfà yóò máa gbà fa iṣẹ́ lé ètò mìíràn lọ́wọ́, èyí tí wọ́n pè ní CGI. Ìṣe Unix ni wọ́n jogún. Láti 1973 ni Unix ti ní ọ̀pá tí ọ̀rọ̀ ń gbà ṣàn láti ẹnu ètò kan sí etí ètò mìíràn, tí ètò tó ń gbọ́ kò sì nílò kó mọ̀ bóyá ọwọ́ ènìyàn, fáìlì tàbí ètò mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Àṣà Unix ni pé kí èèyàn máa kà títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán. CGI mú ọ̀pá náà lò, ó sì yí àṣà náà padà: sáfà yóò da ẹrù àlejò sínú ọ̀pá, yóò kọ iye tí àlejò sọ sínú CONTENT_LENGTH, ṣùgbọ́n kò pọn dandan fún un láti fi àmì ìparí sí i. Ètò tó bá ń dúró de ìparí lè dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. RFC 3875, tó wá ṣàkọsílẹ̀ CGI ní oṣù kẹwàá 2004, ṣì ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ètò má ṣe kà ju iye yẹn lọ. Ìlà kan nínú èdè Perl, tó ní kí ẹ̀rọ ka CONTENT_LENGTH báìtì sínú igbá kan, di ohun tí àwọn ènìyàn ń dà kọ láti ojúlé dé ojúlé. Bí nọ́ńbà tí àjèjì fẹnu ara rẹ̀ sọ ṣe di òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tó wà nílé nìyẹn.

Ọ̀nà méjì ni ẹni tó bá fi èdè C kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ lè gbà kó sí wàhálà. Ó lè ti gbẹ́ igbá rẹ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan, kí ó wá bu ẹrù sínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye tí àlejò kéde. Bí ìkéde bá ju igbá lọ, ọ̀rọ̀ fingerd dé nìyẹn. Tàbí kí ó rò pé òun gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó dúró gbọ́ iye tí àlejò sọ kí ó tó gbẹ́ igbá. Ọ̀gbọ́n yìí ní àléébù tirẹ̀, torí àlejò tó bá kéde bílíọ̀nù méjì báìtì tí kò sì gbé nǹkan kan wá ti gba ìrántí ẹ̀rọ lọ́fẹ̀ẹ́. Iyàwó ilé tó ń ra gààrí lọ́jà mọ àrékérekè tó wà nínú kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọlé. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í gbé ojú kúrò lára ọwọ́ ẹni tó ń wọn gààrí. Ètò CGI kò ní kóńgò kankan lọ́wọ́ tó lè fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní oṣù kọkànlá 1995 ni ọ̀rọ̀ fáìlì dé. Ernesto Nebel àti Larry Masinter, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Xerox, gbé RFC 1867 jáde, kí fọ́ọ̀mù orí wẹ́ẹ̀bù lè gba fáìlì odindi, àwòrán ni o, ìwé ni o. Netscape Navigator 2 gbà á wọlé, àgbáyé sì tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n ṣe rọrùn láti ṣàlàyé: bùráúsà yóò yan gbólóhùn kan tí kò sí nínú fáìlì, yóò fi ṣe ààlà láàárín ẹrù kan àti èkejì. Content-Length sọ iye gbogbo ẹrù lápapọ̀, ṣùgbọ́n fáìlì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ààlà ni sáfà gbọ́dọ̀ máa wá. Níbí ni iṣẹ́ náà ti di ti ẹni tó ní sùúrù, torí ẹrù kì í wọlé lódindi. Ìwọ̀nba ìwọ̀nba ló ń dé, ìdajì ààlà sì lè wà ní ìdí igbá yìí kí ìdajì yòókù wà ní ẹnu igbá tó kàn. Ètò tó bá ń wo igbá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ yóò kọjá lórí ààlà láìmọ̀, yóò sì da fáìlì méjì pọ̀. Ọ̀lẹ ni yóò ní ká kúkú kó gbogbo rẹ̀ sínú ìrántí pọ̀ ká tó wá ààlà. Àwòrán mẹ́wàá láti ọwọ́ àlejò mẹ́wàá lè gbé ẹ̀rọ ìgbà yẹn ṣánlẹ̀. Ni wọ́n bá ń kọ ohun tó ń wọlé sínú fáìlì onígbà díẹ̀ lórí dísìkì, bí ó ṣe ń dé.

Àwọn tó gbà pé ìtàn ilé ìkẹ́rùsí ni èyí máa ń tọ́ka sí ibí gan-an: ẹ ò rí i pé ìrántí ló kéré, ni wọ́n ṣe sá lọ sórí dísìkì? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àkókò náà mú wá. Ètò tó ń bu ẹrù díẹ̀díẹ̀ láti inú ọ̀pá sínú fáìlì ti di ètò tó ń ka ohun tó bù. Lẹ́yìn igbá kọ̀ọ̀kan, ó mọ iye tó ti wọlé ní tòótọ́, yàtọ̀ sí iye tí àlejò pè. PHP, èdè ètò wẹ́ẹ̀bù tí Rasmus Lerdorf bẹ̀rẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1990, fi iye méjì sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí: fáìlì kan kò gbọ́dọ̀ ju 2 MB lọ, gbogbo ẹrù POST kò sì gbọ́dọ̀ ju 8 MB lọ, àfi bí onílé bá yí i padà. Dísìkì náà ń kún o, kì í ṣe ìrántí nìkan. Bí kò bá sí ààlà, sísá láti orí ìkan lọ sórí èkejì kàn ń sún ọjọ́ ìjàǹbá síwájú ni.

PHP yìí náà ló tún kọ́ àwọn ènìyàn pé iye nìkan kọ́ ni àjèjì lè fi tan sáfà. Nígbà náà, ètò PHP máa ń sọ gbogbo ohun tí àlejò kọ sínú fọ́ọ̀mù di orúkọ nínú ètò fúnra rẹ̀. Bí fáìlì bá wọlé, orúkọ ibi tí PHP tọ́jú rẹ̀ sí yóò wà nínú ọ̀kan nínú àwọn orúkọ wọ̀nyẹn, ètò yóò sì ṣe ẹ̀dà fáìlì náà lọ sí ibi tó yẹ. Ní 2000, wọ́n rí i pé àlejò lè kọ orúkọ ibi ìkọ̀kọ̀ fúnra rẹ̀ láìfi fáìlì kankan ránṣẹ́. Bí ó bá kọ /etc/passwd, ètò yóò fi tọwọ́tẹsẹ̀ ṣe ẹ̀dà ìwé àṣírí onílé síbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Kò sí igbá tó kún àkúnwọ́sílẹ̀ níbí, ìrántí kò sì tán. Àtúnṣe tí PHP 4.0.3 mú wá ni move_uploaded_file, tí kì í gbé fáìlì kan àyàfi tí PHP fúnra rẹ̀ bá mọ̀ pé òun lòun gbà á wọlé. Onílé tún padà di ẹlẹ́rìí ara rẹ̀.

Láàárín àkókò yìí, HTTP/1.1, tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí RFC 2068 ní oṣù kìíní 1997, ti tún ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n gbé yẹ̀ wò. Ó fún sáfà láṣẹ láti kọ̀: èsì 411 fún ẹrù tí kò ní ìwọ̀n, 413 fún ẹrù tó tóbi jù. Ó sì fàyè gba ẹlẹ́rù tí kò mọ iye ẹrù rẹ̀ kó tó gbéra: kó máa fi í ránṣẹ́ lẹ́bu lẹ́bu, kó kọ iye ẹbu kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀ ní ìṣirò oní-16, kó sì fi òdo parí rẹ̀. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n dípò ìkéde kan, sáfà ti ń gba ìkéde ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù kẹfà 2002, wọ́n kéde ihò kan nínú Apache, sáfà tó pọ̀ jù lọ lórí wẹ́ẹ̀bù nígbà náà. Kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà méjì tó lè gbà ka nọ́ńbà kan náà: ọ̀nà kan gba iye tó dín sí òdo, èkejì kò gbà. Àlejò lè kọ iye ẹbu kan tó ga dé ibi pé, lójú apá Apache tó ń yẹ ìwọ̀n wò, ó jọ gbèsè, iye tó dín sí òdo. Ṣé gbèsè kéré sí igbá wa? Bẹ́ẹ̀ ni, kó wọlé. Nígbà tó dé ọwọ́ apá tó ń bu ẹrù, nọ́ńbà kan náà tún di òkè ńlá. Nínú gbogbo ìtàn yìí, òun ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, bí kò tilẹ̀ pa àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ lẹ́rìn-ín. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, kòkòrò kan ti ń gba ihò náà wọ ẹ̀rọ FreeBSD. Apache 1.3.26 àti 2.0.39 ló dí i.

Ìbejì ìjàǹbá yìí fara hàn ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 2014, orúkọ rẹ̀ ni Heartbleed. Inú OpenSSL ló wà, ètò tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ láàárín àlejò àti sáfà. Àlejò a máa fi ọ̀rọ̀ kékeré kan ránṣẹ́ láti mọ̀ bóyá sáfà ṣì wà láàyè, sáfà yóò sì dá ọ̀rọ̀ kan náà padà. Àlejò ló ń kọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá fi báìtì kan ránṣẹ́, tó sì kọ pé ó tó 64 KB, sáfà yóò ṣe ẹ̀dà báìtì kan náà àti gbogbo ohun tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ìrántí, yóò sì kó wọn lé àlejò lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ aṣínà, kọ́kọ́rọ́ àṣírí, ohunkóhun tó bá ṣe kòńgẹ́. Kò sí ohun tó kún àkúnwọ́sílẹ̀ nínú sáfà. Àlejò pe iye, onílé sì san án láti inú àpò ara rẹ̀, ní èènì.

Ẹnìkan yóò sọ pé ẹ̀sùn èdè C ni mò ń kà sí òfin HTTP lọ́rùn. Ó ní ìdí. Àkọsílẹ̀ èdè C tó jáde ní 2011 yọ gets kúrò pátápátá, ọdún 23 lẹ́yìn Morris, tó pẹ́ jù lójú tèmi. Java, Python àti Go kì í jẹ́ kí ẹrù kọjá etí igbá. Bí ìjàǹbá bá mọ sí àkúnwọ́sílẹ̀, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ PHP ti 2000 kò ní í ṣe pẹ̀lú C, èyí tí Wong Onn Chee àti Tom Brennan fi hàn níbi ìpàdé OWASP, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ààbò ètò wẹ́ẹ̀bù, ní Washington ní oṣù kọkànlá 2010 kò sì bìkítà èdè tí a fi kọ sáfà. Àlejò wọn a kéde ẹrù ńlá, yóò wá máa fi báìtì kan ṣoṣo ránṣẹ́, yóò sinmi, yóò tún fi ẹyọ kan ránṣẹ́. Sáfà tó gba ìkéde gbọ́ yóò jókòó tì í. Apache ìgbà náà máa ń fi òṣìṣẹ́ kan ti àlejò kọ̀ọ̀kan, iye òṣìṣẹ́ rẹ̀ sì ní ààlà. Ìwọ̀nba irú àlejò bẹ́ẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà kan tó láti mú kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí ìyàwó. Kò sí igbá tó fọ́, kò sí ìrántí tó tán. Àkókò ni wọ́n jí, torí iye báìtì nìkan ni sáfà ń wọ̀n, kò wọn ìṣísẹ̀.

Èyí náà ló dá àwọn tó ní ìrántí ti pọ̀ lóde òní lóhùn, àwọn tó ní ká kúkú máa kó gbogbo ẹrù sínú rẹ̀ ká lọ sùn. Ìrántí tó pọ̀ kò dáwọ́ ẹni tó ń fi báìtì kan ṣoṣo jíṣẹ́ dúró. Igor Sysoev, ará Rọ́ṣíà tó bẹ̀rẹ̀ nginx ní 2002 tó sì gbé e jáde ní oṣù kẹwàá 2004, mú ọ̀nà mìíràn wá: alágbàtà. Nginx máa ń dúró síwájú sáfà tó ń ṣiṣẹ́ gan-an, òun ni yóò gba ẹrù lọ́wọ́ àlejò. Bí ẹrù kò bá ju igbá rẹ̀ lọ, 8 KB tàbí 16 KB gẹ́gẹ́ bí irú ẹ̀rọ, inú ìrántí ni yóò wà. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, yóò kọ ọ́ sínú fáìlì onígbà díẹ̀. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá dé tán ni yóò tó pe òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn, tí yóò sì da ẹrù lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ènìyàn máa ń yin nginx pé ó yára, ó sì yára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí igbá àti fáìlì rẹ̀ ń ṣe níbí kì í ṣe ìkẹ́rùsí lásán. Òṣùwọ̀n ni wọ́n: òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn kò ní rí àlejò títí alágbàtà yóò fi mọ iye ẹrù ní tòótọ́.

Àtakò kan wà tí mi ò lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bí sáfà bá ń wọn ìṣísẹ̀, ṣé kò ní lé ọmọlúàbí tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò dára dànù pọ̀ mọ́ oníjàǹbá? Ọmọ ilé ìwé tó ń fi àwòrán pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ránṣẹ́ láti abúlé kan lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lọ tó ń bọ̀, kò yàtọ̀ sí àlejò Wong àti Brennan lójú ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Òfin tí Apache 2.4 fi sílẹ̀ ni pé ìṣẹ́jú àáyá 20 ni ẹrù ní láti wọlé, gbogbo báìtì 500 tó bá sì dé yóò fi ìṣẹ́jú àáyá kan kún un. Àwòrán 100 KB tó ń rìn ní báìtì 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀ kó tó dé, Apache yóò sì dúró dè é. Òfin náà rọjú ju bí ẹni tó ń ráhùn ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó bá kú fún ìṣẹ́jú àáyá 30 kí ẹrù tó gbéra yóò já. Nginx gba ọ̀nà mìíràn: ìṣẹ́jú àáyá 60 láàárín bíbù kan àti èkejì, iye náà sì ń tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn bíbù kọ̀ọ̀kan. Ó ṣàánú ọmọ Ìsẹ́yìn, ó sì ṣàánú oníjàǹbá tó ń fi báìtì kan ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 59. Bí mo bá ní láti yan ọ̀kan, ti nginx ni mo fara mọ́, torí owó tí àánú rẹ̀ ń ná a kéré: igbá kékeré kan ni àlejò onílọ̀ọ́ra di mú, kì í ṣe òṣìṣẹ́ odindi.

Síbẹ̀ alágbàtà mú ìyọnu tirẹ̀ wá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ da gbogbo ohun tí mo ti ń sọ rú. Ní 2005, Chaim Linhart, Amit Klein, Ronen Heled àti Steve Orrin ṣàlàyé ohun tí orúkọ rẹ̀ ní Yorùbá wà nílẹ̀ tipẹ́: fàyàwọ́. Àlejò fi ìkéde méjì sórí ẹrù kan, Content-Length kan àti ìlà mìíràn tó sọ pé ẹrù náà ń bọ̀ lẹ́bu lẹ́bu. Alágbàtà gba ọ̀kan gbọ́, òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn gba èkejì. Ohun tí alágbàtà kà sí ìdí ẹrù, òṣìṣẹ́ ẹ̀yìn kà á sí ìbẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tuntun, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ìbéèrè àlejò mìíràn tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. James Kettle tún fi hàn ní 2019 pé ilẹ̀kùn yẹn ṣì ṣí sílẹ̀ gbayawu ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹ lè wá bi mí pé: ṣé ẹni tó ń gbà kọ́ ló wọn ẹrù níbí, ẹni méjì pàápàá, tí ẹrù sì tún gbòdì? Èsì mi ni pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wọ̀n ọ́n. Ìwé ẹlẹ́rù ni ẹni méjèèjì kà, ìwé méjì sì ni ẹlẹ́rù kọ. Alágbàtà tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́ yóò tú ẹrù, yóò kà á, yóò ya ìwé àlejò, yóò sì kọ ìwé tirẹ̀ fún ẹni tó wà lẹ́yìn. RFC 7230 ti oṣù kẹfà 2014 sún mọ́ èyí: ó ní ká ka ẹrù tó bá gbé ìkéde méjèèjì wá sí àṣìṣe, ká má sì jẹ́ kí Content-Length rẹ̀ kọjá sẹ́yìn.

Ìran tó tẹ̀ lé e fẹ́ràn ìṣàn ju ìkẹ́rùsí lọ. Ryan Dahl gbé Node.js, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ sáfà ní èdè JavaScript, jáde ní 2009. Ó máa ń sọ pé ohun tó ń fi han èèyàn lórí Flickr, ojúlé àwòrán, ibi tí fáìlì rẹ̀ dé wà lára ohun tó ta òun jí, torí ètò irú PHP kì í rí ẹrù àyàfi tó bá ti wọlé tán. Ní Node, ẹrù ń gba iwájú ètò kọjá bí ó ṣe ń dé, ètò sì lè ní kí àlejò dúró díẹ̀ bí dísìkì kò bá tíì gbé èyí tó wà lọ́wọ́. Go, tó pé ní 2012, ní io.Copy tó ń bu 32 KB lẹ́ẹ̀kan láti inú ìbéèrè sínú fáìlì, ó sì ní MaxBytesReader tó ń ka báìtì bí wọ́n ṣe ń kọjá, tó sì ń dá ẹrù dúró nígbà tó bá tó. Irinṣẹ́ tó dára ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ètò ló gbọ́dọ̀ rántí pe èkejì. Bí ó bá gbàgbé, io.Copy yóò máa bu ẹrù títí dísìkì yóò fi kún. Nginx ní tirẹ̀ ṣì ń jáde pẹ̀lú ààlà 1 MB lórí gbogbo ẹrù, ẹni tó bá sì fẹ́ gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye tó fẹ́.